Gáàsì Kò Tíì Tán: Wíwá Ìdí Tí Iná Gírílì Fi Ń Rẹlẹ̀

Wọ́n kọ lẹ́tà sí mi pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìṣòro gáàsì nídìí gírílì ìta gbangba. Nígbà tí lẹ́tà náà dé, ìyàwó mi bi mí bóyá alásè ni wọ́n fẹ́ pè tí wọ́n ṣì wá sílé wa. Mo ní rárá, olùkọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ni wọ́n pè, nítorí ẹran tí kò jinná lóde àríyá kì í sábà jẹ́ ẹ̀bi alásè.

Gbólóhùn kan wà tí mo ń gbọ́ ní òde àríyá láti Ìjẹ̀dẹ́ títí dé Ẹ̀pẹ́: "Gáàsì ti tán." Iná á ti rẹlẹ̀, ẹja á dúró lórí irin láì pọ́n, ọmọ iṣẹ́ á gbá sílíńdà mú, á mì ín jìgìjìgì, á ní ó ti tán. Wọ́n á rán ọlọ́kadà. Sílíńdà mìíràn á dé, iná á dára fún ìgbà díẹ̀, á tún rẹlẹ̀. Ọ̀gá alásè á wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣépè fún ẹni tó ta gáàsì. Ohun tí mo bá wá síbí kò ju ẹyọ kan lọ: lọ́pọ̀ ìgbà, gáàsì kò tíì tán. Ọ̀nà tó ń gbà ló dí, tàbí kí sílíńdà má lè tú u sílẹ̀ tó bí iná ṣe ń fẹ́ ẹ. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà náà láti inú sílíńdà dé ẹnu bọ́nà, tó sì ń tẹ̀ lé e ní ìtẹ̀léra láì fo ibì kankan, kò ní ra gáàsì lẹ́ẹ̀mejì fún àríyá kan ṣoṣo.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí tètè yé àwa ará Ìkòròdú. Ilé-iṣẹ́ amúnáwá Ẹ̀gbin ti wà létí ọ̀sà wa láti ọdún 1985. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú megawáàtì 220 jáde, àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Gáàsì tí páìpù ń gbé wá láti Ẹ̀sìkíráfọ́ọ̀sì ní ìhà Delta ni wọ́n fi ń se omi tó ń yí i. Ìgbà mélòó la ti gbọ́ pé iná ọba dín kù káàkiri Nàìjíríà nítorí gáàsì tó dé Ẹ̀gbin kò tó? Ẹ̀rọ kò bàjẹ́, òṣìṣẹ́ kò sùn, oúnjẹ ẹ̀rọ ni kò dé. Ẹni tó bá lọ ń tú táábáìnì nítorí ìyẹn, ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ó ń wá iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń fi ìṣó gún ẹnu bọ́nà nígbà tó jẹ́ pé régúlétọ̀ ló dákú.

Ṣùgbọ́n ẹ má da gáàsì Ẹ̀gbin pọ̀ mọ́ tiyín o. Míténì ni ti Ẹ̀gbin. Ó fúyẹ́ ju afẹ́fẹ́ lọ, bó bá jò, òkè ló ń lọ. Àdàlù pírópéènì àti bùténì ló wà nínú sílíńdà yín, méjèèjì ló wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí èyí bá jò, ilẹ̀ ló ń rá mọ́, á wọ kòtò ìdọ̀tí, á sá sábẹ́ tábìlì, á dúró síbẹ̀ de ẹni tó máa ṣáná. Mo máa padà sórí ìyẹn.

Mi ò sọ pé gáàsì kì í wọ́n o. Ilé-iṣẹ́ NLNG ti ń ta gáàsì ìdáná fún ọjà ilé láti ọdún 2007, ní 2022 ó sì ní gbogbo èyí tí òun bá ń ṣe ni òun yóò máa tà sí Nàìjíríà. Ilé ìfọpo Dangote tó wà ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kkí, nítòsí Ẹ̀pẹ́ níbẹ̀ yẹn, náà ti wọ ọjà. Síbẹ̀, nígbà tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ PENGASSAN àti Dangote forí gbárí ní ìparí oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, gbogbo wa la rí bí gáàsì ṣe wọ́n lójijì ní Èkó àti bí owó rẹ̀ ṣe fò sókè. Nígbà tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò sí ohun tí oníṣẹ́ ọwọ́ kan lè tún ṣe. Àmọ́ nígbà tí kílò kan bá ti kọjá ẹgbẹ̀rún náírà, ṣé ó yẹ kí ènìyàn máa dá sílíńdà tó ṣì ní gáàsì nínú padà sí ilé ìta gáàsì?

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti inú sílíńdà.

Gáàsì inú sílíńdà, omi ni. Agbára tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ inú irin ló sọ ọ́ di omi. Bí ẹ bá ṣí fáàfù, omi yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, á sì di afẹ́fẹ́ tó ń gba họ́ọ̀sì lọ. Kí ó tó lè hó, ó gbọ́dọ̀ rí ooru mú, ara irin sílíńdà àti afẹ́fẹ́ tó yí i ká ló sì ti ń mú un. Pírópéènì kì í ṣòro: ìwọ̀n 42 lábẹ́ òdo ló ti ń hó, kò sí òtútù kankan nílẹ̀ Yorùbá tó lè dá a dúró. Bùténì ní tirẹ̀, tó bá sún mọ́ òdo, ó ti rẹ̀ ẹ́. Nítorí náà ni àwọn ọmọ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, tó fẹ́ yan ẹran nínú òtútù ṣe máa ń kérora pé gáàsì bùténì kọ̀ láti jáde, tí wọ́n fi ń ra pírópéènì fún ìta gbangba. Àwa tí oòrùn ń pa, ẹ má rò pé kò kàn wá. Ó kàn wá. Iná ńlá lórí sílíńdà kékeré lè dá òtútù tiwa sílẹ̀.

Mo rí i ní òde ìgbéyàwó kan ní Ìgbógbó. Gírílì ẹlẹ́nu mẹ́rin ni, sílíńdà kílò 6 ni wọ́n so mọ́ ọn, gbogbo ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló sì ń jó tàgbára-tàgbára láti ìgbà tí àwọn onílù ti dé. Nígbà tí wọ́n pè mí, iná ti kéré bí ti àtùpà. Ọmọ tó wà nídìí rẹ̀ ti gbé sílíńdà dùbúlẹ̀. Mo ní kó tètè gbé e dìde, kó pa gbogbo ẹnu iná. Mo fi ọwọ́ kan ara sílíńdà: òkè rẹ̀ gbóná bí afẹ́fẹ́ ọ̀sán, ìsàlẹ̀ rẹ̀ tutù nini, omi sì ń kán lára rẹ̀ láti ibi tó tutù yẹn lọ sílẹ̀. Ibi tí omi yẹn dé ni gáàsì dé. Ó kù díẹ̀ kó tó ìlàjì! Wọ́n ti rán ẹnìkan lọ ra òmíràn. A kàn dín ẹnu iná kù sí méjì, a jẹ́ kí sílíńdà sinmi díẹ̀, iná sì padà. Nígbà tí sílíńdà kílò 12.5 dé, a so ó, a ṣí ẹnu mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n yan ẹja títí wọ́n fi ń kó àga.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọmọ yẹn dá sílíńdà dùbúlẹ̀. Gbogbo wa ti rí i, àwọn mìíràn ń mì ín, àwọn mìíràn ń da omi gbígbóná lé e. Tí ẹ bá dá a dùbúlẹ̀, omi gáàsì fúnra rẹ̀ ni yóò gba fáàfù jáde dípò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Omi gáàsì díẹ̀ ń fẹ̀ sí i ní nǹkan bí ìlọ́po 270 nígbà tó bá di afẹ́fẹ́. Régúlétọ̀ kò ṣe é fún ìyẹn, họ́ọ̀sì kò ṣe é fún un, ojú alásè pàápàá kò ṣe é fún un. Omi gbígbóná ń mú gáàsì hó kọjá bó ṣe yẹ, ẹ kò sì mọ bí ẹ ó ṣe dá a dúró. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí gáàsì dé, omi lọ́wọ́ọ́wọ́ ni kí ẹ dà sí ẹ̀gbẹ́ sílíńdà, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ yín tẹ̀ lé e láti òkè wá sísàlẹ̀. Níbi tí ó bá ti tutù lójijì, ibẹ̀ ni.

Èyí tó dájú jù ni òṣùwọ̀n. Lára ọrùn sílíńdà, wọ́n kọ ìwúwo rẹ̀ sí i nígbà tó ṣófo. Ẹ ka á. Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ẹ yọ ìwúwo òfìfo yẹn kúrò, èyí tó bá kù ni gáàsì. Ẹ̀yin tó ń rojọ́ pé wọ́n rẹ́ yín jẹ ní ilé ìta gáàsì, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti rí òṣùwọ̀n ṣáájú àti lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n bá rọ ọ́. Ẹ má sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi èènì sí i. Sílíńdà kì í kún dé ẹnu. Nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún ló yẹ kí omi gáàsì gbà, kí ó lè ní àyè nígbà tí oòrùn bá mú un gbóná. Èyí tí wọ́n bá rọ kún àkúnwọ́sílẹ̀ ni yóò máa tú omi gáàsì jáde gba régúlétọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, iná á máa ga, á máa sọ, ẹ ó sì rò pé gírílì ló bàjẹ́.

Régúlétọ̀ ló tẹ̀ lé e, ibẹ̀ sì ni mo fẹ́ ká jókòó sí. Nínú oòrùn tiwa, nígbà tí ooru bá wà ní ìwọ̀n 30, bùténì ń ti irin sílíńdà pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó báà 2. Pírópéènì nìkan lè tó báà 10. Gírílì ilé kò fẹ́ ju nǹkan bí mílíbáà 30 lọ, ìyẹn ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún báà kan. Pẹlẹbẹ rọ́bà kan àti sípíríǹgì kan ló ń ṣe iṣẹ́ náà nínú nǹkan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, àwa náà sì ń rà á níwọ̀n ìgbà tí owó rẹ̀ bá ti kéré.

Oríṣi méjì ló wà lọ́jà wa. Èyí tí wọ́n lè yí lórí láti fi kún agbára rẹ̀ wà fún bọ́nà ńlá tí ẹ fi ń se ìrẹsì ìkòkò àádọ́ta èèyàn. Èyí tó dúró lójú kan, tó sì ń tú gáàsì jáde níwọ̀n, wà fún sítóòfù ilé àti gírílì. Ohun tí mo sábà ń bá ní òde àríyá ni pé wọ́n yọ ti ìkòkò ìrẹsì, wọ́n gbé e fún gírílì, nítorí pé òun ló wà nítòsí. Iná á yọ lókè irin, á máa hó, á máa fò kúrò lẹ́nu bọ́nà. Tí afẹ́fẹ́ ọ̀sà bá fẹ́, á kú. Alásè á ní gáàsì ti pọ̀ jù, á yí ọ̀pá mọ́lẹ̀, á wá kéré jù. Ẹ lè bá a jà títí di ìrọ̀lẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó bá so régúlétọ̀ ilé mọ́ bọ́nà ńlá yóò rí iná tó ń jó jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kò lè gbé ìkòkò. Gáàsì wà níbẹ̀ ní méjèèjì. Ẹnu-ọ̀nà ni a ṣì.

Ẹ wo ojú régúlétọ̀ yín nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ ó rí ihò kan tí orí abẹ́rẹ́ lè wọ̀. Èémí rẹ̀ ni. Rọ́bà inú rẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń gba ibẹ̀ wọlé jáde. Agbọ́n tó ń fi amọ̀ kọ́lé fẹ́ràn irú ihò bẹ́ẹ̀, nítorí ìwọ̀n ọmọ rẹ̀ ni. Gírílì tí ẹ gbé síta lẹ́yìn Kérésì, tí ẹ kò lò ó mọ́ títí di Iléyá, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ ní i mọ́. Bí amọ̀ bá dí ihò yẹn, rọ́bà kò ní lè ṣiṣẹ́ mọ́, gáàsì lè kéré jù, ó sì lè pọ̀ jù lójijì, èyí sì burú ju kíkéré lọ. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ wọ inú rẹ̀ o. Ẹ lè gún rọ́bà yẹn lu. Ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì nù ún. Tí gáàsì bá ń rùn jáde nínú ihò yẹn, rọ́bà ti ya. Ẹ yọ ọ́, ẹ sọ ọ́ nù, ẹ ra òmíràn. Ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ní òun lè rán an mọ́ ara wọn, ẹ sá fún un.

Ohun mìíràn tún wà tó ń dí régúlétọ̀. Gáàsì wa kì í mọ́ tónítóní. Ọ̀rá kékeré máa ń bá a rìn, á máa sẹ́ sínú họ́ọ̀sì àti régúlétọ̀. Nígbà tó bá pẹ́, ẹ tú họ́ọ̀sì wò, ẹ ó rí ọ̀rá dúdú tó rọ̀ mọ́ ara ògiri rẹ̀. Họ́ọ̀sì tí ẹ bá ká tó ń sán, ẹ má wé e ní téèpù tàbí tíúbù kẹ̀kẹ́. Àwọn mìíràn ń wé e títí tó fi dà bíi pé wọ́n ń di egbò. Ẹ pààrọ̀ ẹ̀.

Àwọn ọmọ wa ní Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí. Ọmọ dára lọ́mọ, ó fi gírílì ránṣẹ́ láti Houston, ó ní kí bàbá àti màmá máa yan ẹran. Irin rẹ̀ ń dán, ẹnu rẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ìdérí rẹ̀ ní aago ooru. Àwọn tó gbé e dé kò kọ ìwé tó tẹ̀ lé e sí Yorùbá, bàbá kò sì ní kà á. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ ó wò ni àwo irin kékeré tó wà lẹ́yìn tàbí nínú ìdérí. Ó lè sọ pé ti gáàsì LP ni, ìyẹn gáàsì inú sílíńdà, ó lè sọ pé ti gáàsì páìpù ni. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé ló ní páìpù míténì tó wọ ẹ̀yìnkùlé, torí náà wọ́n ń ṣe gírílì fún ìyẹn pẹ̀lú. Ihò tí gáàsì ń gbà jáde nínú tirẹ̀ tóbi, nítorí pé míténì kò ní agbára tó pírópéènì: bí ìwọ̀n àyè wọn bá dọ́gba, ti pírópéènì tó ìlọ́po méjì ààbọ̀. Bí ẹ bá so sílíńdà wa mọ́ gírílì gáàsì páìpù, iná tí yóò yọ á lé yín kúrò nídìí rẹ̀. Kò sí ohun tí régúlétọ̀ lè tún ṣe sí i. Ihò náà ni wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ sí ti LP, iṣẹ́ ẹni tó mọ iṣẹ́ sì ni.

Tí àwo bá ní LP ni, ó dára, agbára tí wọ́n ṣe é fún kò jìnnà sí ti régúlétọ̀ ilé tiwa. Họ́ọ̀sì tó bá a dé ni kò bá ẹnu sílíńdà wa mu. Ẹnu rẹ̀ ní ìdè dúdú ńlá kan tí ọwọ́ lásán lè yí mọ́ sílíńdà Amẹ́ríkà. Ọ̀nà méjì ni àwọn oníṣẹ́ wa ń gbà dìde sí i. Ọ̀kan dára: wọ́n á yọ họ́ọ̀sì àti régúlétọ̀ tí ọmọ fi ránṣẹ́ pátápátá, wọ́n á so họ́ọ̀sì tuntun mọ́ ẹnu gírílì pẹ̀lú kílíìpù tó dì í gírígírí, wọ́n á sì lo régúlétọ̀ ilé tiwa. Èkejì kò dára rárá: wọ́n á gé họ́ọ̀sì ní àárín, wọ́n á so régúlétọ̀ tiwa síwájú ti Amẹ́ríkà, wọ́n á ní àlékún ni. Régúlétọ̀ méjì tò tẹ̀ lé ara wọn, ti kejì kò rí agbára tó tó ohun tó ń retí, iná á kéré títí ayé.

Bí sílíńdà Amẹ́ríkà bá wà nílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ẹ mọ̀ pé ìdè dúdú yẹn ní ọgbọ́n kan nínú. Tí gáàsì bá já jáde kíákíá bí ìgbà tí họ́ọ̀sì gé, nǹkan kan nínú rẹ̀ á ti ara rẹ̀ mọ́, á sì jẹ́ kí díẹ̀díẹ̀ nìkan máa kọjá. Bí ẹ bá ṣí ẹnu iná gírílì ṣáájú, tí ẹ wá ṣí sílíńdà lójijì, ó máa rò pé họ́ọ̀sì ti gé. Iná kékeré ni ẹ ó rí, gáàsì ṣì kún. Àtúnṣe rẹ̀ kò gba owó: ẹ pa gbogbo ẹnu iná, ẹ pa sílíńdà, ẹ tú ìdè yẹn, ẹ dúró díẹ̀, ẹ so ó padà, ẹ wá ṣí sílíńdà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó ṣí ẹnu iná kan, kí ẹ ṣáná. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọn Amẹ́ríkà fi irin ṣe òwe yìí.

Nígbà tí sílíńdà, régúlétọ̀ àti họ́ọ̀sì bá dára, ó wá kan ẹnu bọ́nà. Ẹ wo àwọ̀ iná. Bó bá jẹ́ búlúù, ó dára. Bó bá ń yẹ́lò, tó ń kun ìdí àwo ní dúdú, afẹ́fẹ́ kò dé ọ̀dọ̀ gáàsì. Ọ̀pá tó ń gbé gáàsì lọ sí bọ́nà ní ibi tí ó ti ń gbá afẹ́fẹ́ mú, ibẹ̀ sì ni aláǹtakùn máa ń kọ́lé sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ọdún 2011, ilé-iṣẹ́ Mazda pe ọkọ̀ Mazda6 padà ní Amẹ́ríkà nítorí aláǹtakùn tó ń ta òwú sínú họ́ọ̀sì tó ń jẹ́ kí táńkì epo mí. Tí ó bá lè ṣe ìyẹn sí ọkọ̀ tuntun, kí ló fẹ́ fi gírílì ẹ̀yìnkùlé yín ṣe? Òwú aláǹtakùn yẹn lè dí gáàsì dé bi pé iná á padà sẹ́yìn, á máa jó nínú ọ̀pá dípò lójú bọ́nà, ẹ ó máa gbọ́ ìró bí ẹni ń fọn fèrè nísàlẹ̀. Ẹ pa á kíá. Bọ́rọ́ọ̀ṣì tóóró ni kí ẹ fi gbọn inú ọ̀pá náà.

Ẹ̀yin ẹlẹ́ja Ẹ̀pẹ́, ẹ̀yin ni mo ń bá wí lórí èyí. Ẹja tí ẹ rà lọ́jà Olúwo kún fún ọ̀rá, ọ̀rá yẹn ń kán sórí bọ́nà, iyọ̀ àti ata tí ẹ fi pa á lára ń bá a lọ, irin á sì máa dípẹtà. Lẹ́yìn ọdún kan, ihò tó yẹ kó wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ti dí ní ẹ̀gbẹ́ kan. Iná á máa jó ní ìdajì. Ìṣó tí mo ti rí tí wọ́n fi ń la ihò yẹn tóbi kò lóǹkà. Àwọn kan tilẹ̀ ń fi dírìlì ṣe é. Ihò bọ́nà ni a lè fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ nù. Ihò kékeré tó wà lẹ́nu ọ̀pá níbi tí gáàsì ti ń yọ, ìyẹn ni wọ́n wọ̀n lọ́nà tí ẹ kò lè fojú rí, ẹ má ṣe là á tóbi rárá. Bó bá dí, ẹ yọ ọ́, ẹ fọ̀ ọ́, tàbí kí ẹ ra òmíràn.

Ó wá ku gáàsì tó ń jò. Gáàsì fúnra rẹ̀ kò ní òórùn. Òórùn tí ẹ ń gbọ́, wọ́n fi kún un ni. Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta ọdún 1937, gáàsì tí kò ní òórùn kó jọ sábẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan ní New London, ní Texas, ó bú gbàù, ó pa ènìyàn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 300, púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọdé. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjọba Texas fi dandan lé e pé kí wọ́n máa fi òórùn sí gáàsì. Nítorí náà, nígbà tí òórùn yẹn bá dé imú yín nídìí gírílì, àwọn ọmọdé kan ló san owó rẹ̀. Ẹ má fi ìṣáná wá ibi tó ti ń jò. Ẹ pa ẹnu iná, ẹ ṣí fáàfù sílíńdà, ẹ fi ọṣẹ tí ẹ fi omi pò fẹlẹ pa gbogbo ìdè láti ọrùn sílíńdà dé ẹnu gírílì. Níbi tí ìfófòó bá ti ń yọ, ibẹ̀ ni. Lóde, afẹ́fẹ́ ń gbà yín, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìdí gírílì ló ní àpótí tí wọ́n ń gbé sílíńdà sí, gáàsì wúwo, inú àpótí yẹn ló máa kó jọ sí. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ tó ṣáná.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ méjì. Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, tí wọ́n bá pè yín, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu bọ́nà nítorí pé ibẹ̀ ni oníbàárà ń wò. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti sílíńdà, ẹ fi òṣùwọ̀n dání, kí ẹ sì gba owó ìyẹ̀wò yín bí ẹ kò bá tilẹ̀ pààrọ̀ ohunkóhun, nítorí pé ìyẹ̀wò náà ni iṣẹ́. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ san owó ìyẹ̀wò náà láì jiyàn. Bí ẹ kò bá san án, oníṣẹ́ ọwọ́ á wá pààrọ̀ ohun tí kò bàjẹ́ kó lè rí owó gbà. Ẹ̀yin ará Èkó Ẹ̀pẹ́, Iléyá ń bọ̀, Káyọ̀káyọ̀ náà sì ń tẹ̀ lé e. Ẹ gbé gírílì yín síta lónìí, ẹ yọ agbọ́n kúrò nínú rẹ̀, ẹ fi omi ọṣẹ pa ìdè rẹ̀, kí ẹ sì tan án wò fún ìdajì wákàtí kan kí ẹ tó ra àgbò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́ sókè.